Bí A Ṣe Yan Aṣọ Ìbora fún Ọkọ̀ Orí Yìnyín Wa

Ẹni tí a bí sí Kétu, sí Ṣábẹ̀ tàbí sí Àjàṣẹ́ mọ ohun tí òjò àti oòrùn lè fi ojú ohun ìní ènìyàn rí. Ó mọ ìdí tí a fi ń ti alùpùpù wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì mọ ìdí tí àgbẹ̀ fi ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bo iṣu tí ó kó sí àká. Ohun tí ó lè yà á lẹ́nu ni pé àwa kan nínú ọmọ ilẹ̀ yìí, tí a wà ní òkèèrè, fi oṣù méjì gbáko jíròrò lórí aṣọ tí a óò fi bo ọkọ̀ kan ṣoṣo, àti pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. A kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ, àti nítorí pé lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, àwọn kan yóò gba ọ̀nà tí a gbà lọ́jọ́ kan.

Ìdílé mẹ́rin ni wá. Méjì ti Kétu wá, ọ̀kan ti Ṣábẹ̀, ọ̀kan ti Àjàṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ni ó gbé àwọn kan nínú wa dé ìlú Saguenay, ní ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà, nítorí pé èdè Faransé tí a kọ́ nílé ìwé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ni ó gbé àwọn yòókù débẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù ọyẹ́. Ó lè lọ sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, débi pé èémí ènìyàn a máa dì mọ́ irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Yìnyín a máa bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní oṣù kọkànlá, kì í sì í tán nílẹ̀ kí oṣù kẹrin tó wọlé. Ní La Baie, tí ó jẹ́ apá kan ìlú náà, ojú omi a máa dì títí yóò fi le bí àpáta, àwọn ará ibẹ̀ a sì máa kọ́ ahéré kéékèèké sórí rẹ̀. Wọn a lu ihò sí omi dídì náà, wọn a sọ ìwọ̀ sílẹ̀, wọn a sì máa pẹja nínú ahéré tí iná igi ń jó láàárín rẹ̀.

Ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní motoneige lédè Faransé. Ó jọ alùpùpù ní ọwọ́ ìdarí àti ní ìjókòó, ṣùgbọ́n kò ní táyà. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ gígùn méjì, tí orí wọn tẹ̀ sókè, ni ó fi ń yọ̀ níwájú. Ìgbànú rọ́bà fífẹ̀ kan sì ń yí lábẹ́ rẹ̀ láti tì í lọ. Joseph-Armand Bombardier, ọmọ ìlú Valcourt ní Québec, tí a bí ní 1907, wà lára àwọn tí ó ṣe ọ̀nà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, àìsàn kọlu ọmọkùnrin rẹ̀ Yvon, ọmọ ọdún méjì. Yìnyín ti dí ọ̀nà. Kò sí ohun tí ó lè gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì kú. Bombardier kò dẹ́kun iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1937 ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìgbànú rẹ̀, ó sì ń ta ọkọ̀ B7, tí ó lè gbé ènìyàn méje. Ní 1959 ni Ski-Doo jáde, ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn kan tàbí méjì lè gùn. Orúkọ yìí ti wọ ẹnu àwọn ará Québec tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pe gbogbo motoneige ní ski-doo. A sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun ìṣeré olówó ni irú ọkọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó bí i ni àìrí ọ̀nà gbà.

Tiwa kì í ṣe tuntun. Bàbá àgbàlagbà kan, ará Québec, tí ilé rẹ̀ kangun sí ti ọ̀kan nínú wa, ni ó tà á fún wa nígbà tí ó fẹ́ kó lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ó lè tà á ní iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ kí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. A dá owó náà jọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì san ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé tí omi bá ti dì dáadáa, ọkọ̀ yìí ni ó ń fa igi ìdáná, oúnjẹ àti ohun èlò ìpẹja wa lọ sí ahéré. Òun náà ni ó ń gbé ìyá wa àgbà, ìyá ọ̀kan nínú wa, tí ó ti Kétu wá, tí eékún ń dùn, tí kò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín.

Ìyá yìí kò gbọ́ Faransé. Àwọn ọmọ wa, tí a bí púpọ̀ nínú wọn sí Kánádà, ń fi Faransé dáhùn bí a bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé. Nínú ahéré, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹja kì í tètè jẹ ìdẹ, kò sí tẹlifísọ̀n, kò sì sí ibi tí ọmọ lè sá sí. Ìyá a pa àlọ́, wọn a gbè é. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí Ìjàpá tún ṣe, dandan ni kí wọ́n fi èdè tí ó gbọ́ bi í. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ yìí, ohun tí a ní lọ́kàn ju irin àti rọ́bà lọ. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ìyá yóò wà nílé. Bí ìyá bá wà nílé, àlọ́ tán.

Ní oṣù kẹrin, nígbà tí yìnyín ń yọ́, a rí i pé aṣọ ìbora tí bàbá náà fi lé wa lọ́wọ́ ti gbó. Oòrùn ti jẹ ẹ́, ó sì ti ya níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń gún un. A kò ní gáràjì. Ẹ̀yìn ilé ni ọkọ̀ náà yóò wà títí di oṣù kọkànlá, lábẹ́ òjò àti oòrùn. Ibẹ̀ ni ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí a ra bâche ọ̀rá aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń ta sórí àtẹ ní ilé. Iye rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye aṣọ tí a rán fún irú ọkọ̀ tiwa gan-an. Ẹlòmíràn ní kí a ra èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ọkọ̀ láìyan oríṣi. Ẹnì kẹta ní kí a san owó èyí tí ó dára jù lọ, kí a sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó dábàá bâche kì í ṣe ahun. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kejì, àbúrò rẹ̀ sì ń retí owó ilé ìwé ní Kétu. Ó bi wá pé: “Ṣé ọkọ̀ ni a óò wọ aṣọ fún, tí ọmọ ènìyàn yóò jókòó sílé?” Kò sí ẹni tí ó rí ìdáhùn fún un ní ọjọ́ náà. A tú ká láìjẹun tán.

Ní ìpàdé kejì, ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣábẹ̀ ní kí a pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí pé a kì í fi ọmọ wé ọkọ̀. A dá owó ilé ìwé náà jọ, a fi ránṣẹ́, a sì fohùn ṣọ̀kan pé aṣọ yóò dúró di oṣù kẹfà. A lẹ ibi tí aṣọ àtijọ́ ti ya. Lẹ́yìn èyí ni ọkàn gbogbo wa tó balẹ̀ tó láti béèrè ohun tí ó yẹ kí a ti béèrè ṣáájú iye owó: kí ni ohun tí ń ba ọkọ̀ yìí jẹ́ gan-an?

Àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ òjò rò pé omi láti òkè ni ọ̀tá. Omi láti òkè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Québec gùn lójúmọ́. Ó a máa pa àwọ̀ ọ̀dà, ó a máa jẹ́ kí awọ ìjókòó sán, ó sì a máa mú kí gíláàsì iwájú, tí kì í ṣe gíláàsì gidi bí kò ṣe ike, ṣókùnkùn. Afẹ́fẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀. Bí aṣọ kò bá fún mọ́ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ yóò máa gbé e sókè, yóò máa jù ú sílẹ̀. Eruku tí ó wà láàárín aṣọ àti ike yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí ìwé tí káfíńtà fi ń ha pákó. Bí a bá fẹ́ fi ọkọ̀ mìíràn fa ọkọ̀ náà lọ sí ibi jíjìn, ewu yìí di ìlọ́po. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà yára, iyọ̀ tí ìjọba ń dà sórí títì láti yọ́ yìnyín sì ń fò sókè. Nítorí náà aṣọ tí a fẹ́ gbé rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ ní okùn tí a lè so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà etí aṣọ nìkan kò tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí a kò kà sí ni omi tí ó wà nínú. Bàbá tí ó ta ọkọ̀ náà fún wa ni ó là wá lójú. A lọ kí i ní ilé àwọn arúgbó, a sì sọ fún un pé bâche ọ̀rá ni àwọn kan fẹ́, nítorí pé omi kò lè gbà á kọjá rárá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní: “Justement. Laissez-la respirer.” Ó ṣàlàyé pé omi a máa gòkè láti inú ilẹ̀ bí èéfín tí ojú kò rí. Ní ọ̀sán, abẹ́ ọ̀rá a gbóná. Ní òru, ó a tutù, èéfín náà a sì padà di omi lára irin. Bí kò bá rí ibi tí yóò gbà jáde, yóò wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù méje. Irin a dípẹtà, ìjókòó a hu, wáyà iná a sì bàjẹ́ lábẹ́ aṣọ tí òjò kò kán sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí a ti gbọ́ èyí, ẹnu yà wá pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ ni. Kò sí àgbẹ̀ ní Ṣábẹ̀ tí yóò wé iṣu sínú ọ̀rá kí ó tó kó o pamọ́. Imọ̀ ọ̀pẹ ni ó ń lò, nítorí pé imọ̀ ń lé oòrùn, kò sì dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Iṣu tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò jẹrà, bí òrùlé tí ó bò ó tilẹ̀ jẹ́ páànù. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

Ìgbà yìí ni arábìnrin wa láti Àjàṣẹ́, tí ó jẹ́ aránṣọ, gba ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú bóyá òun lè rán an fúnra rẹ̀. Ó ra àbọ̀ mítà aṣọ náà, ó ká a ní ẹ̀mẹrin bí yóò ti rí ní etí, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò sì lè gún un. Ó tún fi hàn wá pé ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀kùn fún omi, àfi bí a bá fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ojú rírán náà láti inú. Nítorí náà ó ní kí a lọ ra èyí tí a ti rán, ṣùgbọ́n òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ilé ìtajà, kò wo àwòrán tí ó wà lára àpò. Ó yí aṣọ kọ̀ọ̀kan dé, ó wo inú rẹ̀. Ó ka iye ìlà rírán: ìlà kan kò tó, méjì dára. Ó wá ọ̀já lórí ojú rírán. Ó fi ọwọ́ pa inú aṣọ níbi tí yóò kan gíláàsì iwájú, ó sì yan èyí tí wọ́n fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ́ ibẹ̀. Ó bi wá léèrè nọ́ńbà tí a kọ sára rẹ̀, 300D lórí àwọn kan, 600D lórí àwọn mìíràn. D náà dúró fún denier, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ní gíráàmù òwú tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 9000. Bí irú òwú bẹ́ẹ̀ bá wọn gíráàmù 600, denier 600 ni. Nọ́ńbà tí ó ga túmọ̀ sí òwú tí ó nípọn. Kò sọ bóyá aṣọ náà lè mí. Fún mímí, ojú ni a ó fi wá a: fèrèsé kéékèèké tí a fi àwọ̀n dí, tí ìbòrí kékeré sì wà lórí wọn kí òjò má baà wọlé.

Ó tún sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀. Àwọn aláró ilẹ̀ wa mọ̀ pé àwọ̀ tí ó wọ inú òwú kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a kùn sójú aṣọ. Polyester tí a ti po àwọ̀ mọ́ kí a tó fà á di òwú a máa pẹ́ nínú oòrùn ju èyí tí a tẹ àwọ̀ sí lẹ́yìn náà lọ. Aṣọ òwú líle, bí irú èyí tí a fi ń ṣe àgọ́ láyé àtijọ́, ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó wúwo, ó sì lè dì gbagidi bí pátákó nígbà òtútù.

Ní ìparí, a kò ra èyí tí ó wọ́n jù lọ, a kò sì ra bâche. A ra aṣọ polyester kan tí a gé fún ìwọ̀n ọkọ̀ wa, tí ó ní fèrèsé mẹ́rin, ọ̀já nínú, àti okùn mẹ́fà. A ti wọn ọkọ̀ náà ṣáájú, láti orí ẹsẹ̀ iwájú títí dé rọ́bà tí ó sọ̀ lẹ́yìn, àti gíga gíláàsì iwájú, nítorí pé ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì gùn ju ti ẹlẹ́nì kan lọ. Ìdílé mẹ́ta fi owó san tiwọn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí a san tirẹ̀ fún un. Ó ní kí a gba iṣẹ́ ọwọ́ òun dípò owó. Òun ni ó fi pákó kan pẹpẹ tí ọkọ̀ náà dúró lé lórí, kí ìgbànú rẹ̀ má baà kan koríko. Òun ni ó fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó bò ó. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ìpín rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù.

Aṣọ kò lè dá ṣe gbogbo iṣẹ́. Kò lè dá eku dúró. Eku fẹ́ràn ibi tí ó gbẹ, tí ó sì ṣókùnkùn. A fi òwú irin, irú èyí tí a fi ń fọ ìkòkò, dí ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí àti ihò èéfín, a sì so ìwé pupa mọ́ ọwọ́ ìdarí láti rán ẹni tí yóò kọ́kọ́ tan án létí pé kí ó yọ wọ́n. A kì í da aṣọ bo ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn, nítorí pé ooru ihò èéfín lè yọ́ aṣọ náà. A ó dúró kí ó tutù ná. Ní ìgbà òtútù, ìgbálẹ̀ rírọ̀ ni a fi ń gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀, kí ìwúwo má baà fà á ya. Pàtàkì jù lọ, a pín oṣù láàárín ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí oṣù bá kàn yóò ṣí aṣọ náà ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, yóò fi ọwọ́ kan irin, yóò wo abẹ́ ìjókòó, yóò sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí a fi pamọ́. Ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn púpọ̀ sábà máa ń ṣàìní olùtọ́jú. Ìwé kékeré yìí ni ó jẹ́ kí tiwa ní mẹ́rin.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí lè má fojú kan motoneige láéláé. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí ẹ fi ọ̀rá wé ní àsìkò òjò ní Àjàṣẹ́ náà ń làágùn lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ra ohun tí ẹ óò fi bo ohunkóhun, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: láti ibo ni ewu ti ń bọ̀? ibo ni omi inú yóò gbà jáde? ta ni yóò máa ṣí i wò? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè kìíní nìkan ni yóò ra bâche ọ̀rá.

Àwa tí a wà lájò ń ronú lórí ìbéèrè kejì àti ìkẹta ju bí a ti rò lọ. A rí àwọn òbí tí ó fẹ́ràn èdè wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dì í sínú àpótí: ọjọ́ àjọ̀dún nìkan ni wọ́n ń mú un jáde, wọ́n ń bá ọmọ wí bí ó bá ṣì í sọ, ọmọ sì dákẹ́. Èdè náà kò kú láti òde. Nínú ahéré wa, àwọn ọmọ ń ṣi Yorùbá sọ, ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún un sọ, ẹja ń pẹ́ kí ó tó jẹ ìdẹ. A mọ iye tí aṣọ ọkọ̀ náà ná wa, a sì mọ ohun tí ó ń dáàbò bò. Kí a bo ohun tí a ní. Kí a sì máa ṣí i wò.